Aṣọ ẹbí mẹ́sàn-án láàárín oṣù 14: ṣé ẹgbẹ́ ló yí mi padà ni?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ ni mí ní Òṣogbo, ọmọ ọdún 34, mo lọ́kọ, mo sì bímọ méjì. Lọ́dún tó kọjá ni àwa tí a jọ jáde nílé-ìwé girama dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp. Inú mi dùn gan-an nígbà náà, torí ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kan ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láàárín oṣù 14, mo ti ra aṣọ ẹbí mẹ́sàn-án. Mẹ́ta nínú ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá, mi ò tíì gbé e fún télọ̀. Èyí tó kẹ́yìn, lésì òkú ìyá ọ̀kan nínú wa, ₦85,000 ni, gèlè ò sí níbẹ̀ o. Owó tí mo yá ní alájẹṣẹ́kù láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ ni mo fi rà á. Ọkọ mi ò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìyàwó tí mo fẹ́ kọ́ nìyí." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ náà. Kí n tó wọ ẹgbẹ́ yìí, mo lè fi bàtà kan ṣoṣo lo ọdún kan gbáko. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ẹgbẹ́ ló yí mi padà ni, àbí bí mo ṣe rí nìyẹn tẹ́lẹ̀ tí mi ò mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n kúrò níbẹ̀. Àwọn náà ló dúró tì mí nígbà tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ.

* * *

Àbúrò mi, o kú ewu iṣẹ́ abẹ. Ó yẹ kí o mọ ẹni tó ń dá ẹ lóhùn. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn, ó ti lé ní ogún ọdún. Lára àwọn tó ń wá kó aṣọ ẹbí ni mo ti ń jẹun, owó wọn ni mo fi rán ọmọ níléèwé. Mo tún ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin kan fún ọdún mẹ́fà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Mo ti ka èsì àwọn tó ṣáájú mi. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òwe kan náà ni wọ́n ń pa fún ẹ: àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Àwọn mìíràn ní kò sẹ́ni tó fi ìbọn gbowó lápò ẹ, pé fáàrí ti wà lára ẹ tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kàn gbé e síta ni. Bàbá kan sì ní àṣà wa ni, kí o gbà bẹ́ẹ̀, kí o sì dákẹ́. Mi ò bá ìkankan nínú wọn lọ.

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, aṣọ mẹ́ta tó wà nínú ọ̀rá yẹn ni mo tẹjú mọ́. Mo mọ àwọn tó fẹ́ràn aṣọ, àwọn ni oníbàárà mi. Kí wọ́n tó sanwó tán, wọ́n ti ń fi fọ́tò sítáì han télọ̀ lórí fóònù. Wọ́n á na lésì náà síwájú dígí, wọ́n á fi gèlè mẹ́ta wò ó. Ẹni tó fẹ́ràn aṣọ kì í ra lésì ₦85,000 kó wá gbé e jù sínú ọ̀rá. Nítorí náà, kì í ṣe aṣọ lo rà. Kí lo wá rà? Ẹ jẹ́ kí n dá oníbàárà kan lóhùn ná, mo ń bọ̀.

* * *

Mo ti dé.

Iṣẹ́ méjì péré ni mo ń ṣe nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé: mo máa ń kọ ohun tí a bá sọ nípàdé, mo sì máa ń kọ orúkọ àwọn tó ti san owó aṣọ. Èkejì yẹn ni kí o bá mi wò dáadáa, torí ó dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọ̀ yín.

Bí wọ́n bá ti fẹnu kò sórí aṣọ, màá to orúkọ gbogbo wa sílẹ̀, láti orí 1 dé 41. Ẹni tó bá ti san, màá fi máàkì aláwọ̀ ewé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì san, ẹ̀gbẹ́ orúkọ tirẹ̀ á ṣófo. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń gbé e sórí WhatsApp, nígbà tí gbogbo ayé ti délé. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Màá kàn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá rere. Ó ku ènìyàn 17." Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àlẹ́ẹ̀tì á ti máa wọlé sórí fóònù akápò.

Ibi tó ṣófo yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Bó bá ku ènìyàn 17, ara ò tíì fu ẹ́. Bó bá ku márùn-ún, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù ẹ lóru. Bó bá wá ku ìwọ nìkan, ìwọ náà á wá owó náà débi tí o ò wá owó dé rí.

Obìnrin kan wà láàárín wa tó ń ta ẹja gbígbẹ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí aago 12 òru ku nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ: "Ìyá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, mo ti san o. Ẹ bá mi fi máàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi kí ilẹ̀ tó mọ́." Kò béèrè àwọ̀ aṣọ. Kò béèrè ọjọ́ tí a máa pín in. Máàkì ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni mo gbọ́ pé owó kómúlélantà ló lọ yá, irú èyí tí wọ́n ń san padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ pé bí ẹnìkan nínú yín kò bá mú tirẹ̀ wá, gbogbo yín lẹ máa jókòó síbẹ̀ títí tí ẹ ó fi dá a pé. Ìtìjú ẹgbẹ́ kan ló gbé e lọ sábẹ́ ìtìjú ẹgbẹ́ mìíràn. Nígbà tí òde náà pé, kò wá. Kò ní owó mọ́tò.

Èmi ni mo to orúkọ yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e síta, títí dòní ló sì ń dùn mí. Máàkì lo rà, àbúrò mi. Ìgbà mẹ́sàn-án lo rà á.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan ti dá sí i. Ó ní òun jẹ́ oníṣirò owó, pé ọ̀rọ̀ àìkàwé ni gbogbo èyí, pé ẹni tí orí rẹ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ tó lè mú un ṣe ohun tí kò fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Solomon Asch ṣe. Wọ́n bí i ní Warsaw, ní Poland, ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Swarthmore College. Láti 1951 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àbájáde iṣẹ́ yìí jáde. Ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ka ìwé ní yunifásítì jókòó sínú yàrá. Ó fi ìlà kan hàn wọ́n, ó tún fi mẹ́ta mìíràn hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó gùn tó ti àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ ọdún márùn-ún á gbà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo wọn ló ti bá Asch dìmọ̀ pọ̀ láti máa sọ irọ́ kan náà, àfi ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni yẹn á jókòó síbi tó jẹ́ pé àwọn yòókù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn tán kó tó kàn án.

Ẹ wò ó o, kò sí aṣọ níbẹ̀. Kò sí owó ìtanràn. Síbẹ̀, nínú ìgbà mẹ́ta tí wọ́n bá parọ́, ó tó ẹ̀ẹ̀kan tí ẹnìkan ṣoṣo yẹn náà bá wọn sọ irọ́ tí ojú rẹ̀ ń rí pé irọ́ ni. Nínú ẹni mẹ́rin, mẹ́ta ló tẹ̀lé wọn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni gbogbo wọn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lè jẹ́ ẹnìkan yòókù tí kò yẹsẹ̀ rárá, mi ò bá yín jiyàn.

Asch tún dán nǹkan méjì mìíràn wò, àwọn ni mo fẹ́ràn jù. Ó fi ẹnìkan péré sáàárín àwọn onírọ́ yẹn tó sọ òótọ́. Ẹnìkan péré o, àwọn yòókù ṣì ń parọ́ wọn lọ. Kíá ni títẹ̀lé wọn lọ sílẹ̀ wálẹ̀. Ìgbà mìíràn, ó ní kí ẹni náà kọ ìdáhùn tirẹ̀ sórí ìwé dípò kó là á létí gbogbo wọn. Ìyẹn náà mú un dín kù gan-an. Àbúrò mi, di méjèèjì yẹn mú fún mi, màá gbà á padà lọ́wọ́ ẹ.

* * *

Ẹnìkan tún kọ ọ́ pé "àìsàn àwa Yorùbá ni, a fẹ́ràn ayé jù." Mo máa ń gbọ́ èyí ní gbogbo ìgbà, kì í sì í ṣe òótọ́. Ní 1993, Deborah Prentice àti Dale Miller tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ọtí mímu láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Princeton ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bi wọ́n bí ọtí tí wọ́n ń mu níbẹ̀ ṣe rí lára wọn, wọ́n tún bi wọ́n bí wọ́n ṣe rò pé ó rí lára akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Ohun tí wọ́n bá pàdé ni pé ọtí náà ń kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí lóminú, ṣùgbọ́n oníkálukú gbà pé ó tẹ́ àwọn yòókù lọ́rùn ju òun lọ. Kò lè rí bẹ́ẹ̀ kó jẹ́ òótọ́ fún gbogbo wọn.

Lórí bẹ́ǹṣì ìsọ̀ mi ni mo ti ń rí èyí. Ẹgbẹ́ kan mú lésì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí oníkálukú wá gba tirẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin mẹ́fà nínú wọn wá lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì fẹnu sí mi létí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì sọ: "Ìyá, aṣọ yìí mà wọ́n jù o. Àwọn yòókù ló ti fara mọ́ ọn, kí lèmi lè ṣe?" Mẹ́fà! Ká ní mo pè wọ́n jókòó papọ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán lọ́jọ́ náà. Mi ò pè wọ́n. Ọjà ni mò ń tà.

* * *

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ti gbaná jẹ. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn wọ àkísà lọ sí Ojúde Ọba ni.

Má bínú, ọmọ alárè. Mo ti lọ wo Ojúde Ọba lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, mo sì dúró nínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo rí bí ẹgbẹ́ Bọ́bagúntẹ̀ ṣe ń jó wọlé, mo rí Gbọ́baníyì, mo rí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọwọ́, mo rí àwọn ọmọ Balógun lórí ẹṣin. Àwọn tí a bí ní àkókò kan náà ni wọ́n ń kó jọ sí ẹgbẹ́ kan, wọn a máa dàgbà papọ̀ níbẹ̀. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí ó fi wàjà ní 2025, ló jí ètò régbèrégbè yẹn dìde. Àwọn èèyàn ń ti Lọ́ńdọ̀nù wálé nítorí ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn láti wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú ọba, kó má sọ pé fáàrí ni.

Ṣùgbọ́n wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ o. Ọjọ́ Ojúde Ọba, gbogbo yín lẹ ti mọ̀ ọ́n láti ọdún tó ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Ẹ lè máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ dè é. Ti àbúrò wa yìí, mẹ́sàn-án ni láàárín oṣù 14, bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n kéde aṣọ àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé. Bí wọ́n bá kéde aṣọ Ojúde Ọba fún ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lọ́dún, ìwọ náà á sá kúrò n'Íjẹ̀bú.

* * *

Kí n sọ eléyìí kíákíá, torí àwọn ọkùnrin kan ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Òfin Báńkì Àpapọ̀ tó jáde ní 2007 ka fífọ́n owó síni lára lóde àti títẹ owó mọ́lẹ̀ léèwọ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko, mi ò rí ọkùnrin kan lóde àríyá tó tìtorí òfin yẹn ti owó padà sápò. Òfin wà nínú ìwé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà nítòsí rẹ̀ lórí tábìlì kan náà, tí wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní 2024 ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i ní àwọn òde kan tí wọ́n ń gbé àpò kékeré síwájú ẹni tó ń jó, tí oníkálukú ń rọra ju owó sínú rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí lé obìnrin lórí.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe nínú ẹgbẹ́ tiwa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ja yẹn, torí àwọn kan ti ní mò ń sọ̀rọ̀ ṣáá, mi ò sọ ọ̀nà àbáyọ.

Mo dáwọ́ orúkọ títò dúró. Mo ní kí oníkálukú bá akápò sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí akápò sì fi iye aṣọ nìkan ránṣẹ́ sí mi, kó má fi orúkọ ránṣẹ́. A tún ní ẹni tó bá wù lè gba lésì, ẹni tó bá wù lè gba gèlè nìkan, kó wọ aṣọ tó bá ní sí i. Kí n tó gbé e dé ìpàdé, mo ti bá ẹnìkan sọ ọ́ sílẹ̀, ìyá kan tí gbogbo wa mọ̀ pé owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dìde tó ní, "Lọ́tẹ̀ yìí, gèlè lèmi máa gbà." Ṣe ẹ rántí ẹnìkan péré tí Asch fi sáàárín wọn? Mi ò tíì gbọ́ orúkọ Asch rí nígbà náà. Ìyà ẹlẹ́ja ló kọ́ mi.

Nínú àwa 41, 39 ló ti ń gba aṣọ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, 22 ló gba lésì, 13 gba gèlè, mẹ́fà ò gba ohunkóhun. Ìyá ẹgbẹ́ bínú sí mi fún oṣù méjì gbáko, ó ní mo ti sọ ẹgbẹ́ òun di ẹgbẹ́ aláìní. Ó ní nígbà tí a wọlé sí gbọ̀ngàn, a dà bí èrò mọ́tò, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀, ẹwà ẹgbẹ́ dín kù lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní sọ pé kò dín kù. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra lésì, nítorí náà èmi náà pàdánù ọjà lésì ènìyàn 17. Ẹ ò ní lè sọ pé mo ń wá èrè ti ara mi.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ohun tó tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ wa ti ní èésú tẹ́lẹ̀ tó ń kú lọ, torí bí àwọn kan bá san lóṣù yìí, wọ́n á sá lóṣù tó ń bọ̀. Akápò ní, "Ìyá Akọ̀wé, ẹ ṣe gbé máàkì yín wá síbí." La bá to orúkọ èésú: ènìyàn 20, ₦10,000 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦200,000. Máàkì aláwọ̀ ewé kan náà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kan náà. Láti ìgbà yẹn, kò sí oṣù tí èésú náà kò pé. Ẹlẹ́ja wa kó tirẹ̀ ní oṣù kẹta, ó fi san kómúlélantà tán, ó fi èyí tó kù ra ẹja. Ìtìjú tó rì í náà ló tún gbé e lé orí omi. Èésú yìí, àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun; ní Trinidad, sou-sou ni wọ́n ń pè é títí dòní, wọ́n sì ṣì ń dá a.

* * *

Àǹtí kan béèrè ohun tó dára gan-an: ṣé kì í ṣe okùn kan náà ni mo kàn gbé láti ọrùn sí ẹsẹ̀? Bí ẹnìkan kò bá rí ₦10,000 lóṣù kan ńkọ́, ṣé máàkì ò tún ní lé e sá?

Ó ṣẹlẹ̀, Àǹtí. Ní oṣù karùn-ún, télọ̀ kan láàárín wa dákẹ́ sí wa lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́rin. Láti ìgbà náà ni a ti gbà kí àwọn méjì jọ máa dá ọwọ́ kan, ₦5,000 sí ₦5,000, a sì gbà kí ẹni tí nǹkan bá le fún bọ́ sẹ́yìn ìlà kó lè gbẹ̀yìn kó. A kì í gbé orúkọ síta mọ́ lẹ́yìn tó bá ti ku ènìyàn méjì. Akápò ló ń pè wọ́n fúnra rẹ̀. Kò pé pérépéré. Bí ẹ bá mọ èyí tó dára jù ú lọ, ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ kà á.

* * *

Àbúrò wa láti Òṣogbo ti padà dé. Ó ní: "Ẹ ṣé, Ìyá mi. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, omi bọ́ lójú mi níbi ẹlẹ́ja yẹn. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe akọ̀wé, mi ò lágbára láti dá orúkọ títò dúró. Wọ́n ti kéde òmíràn láàárọ̀ yìí, ₦60,000, ìsọmọlórúkọ. Kí ni kí n sọ gan-an? Bí mi ò bá gbà á, ṣé wọ́n ṣì máa dúró tì mí lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe mí?"

Ìbéèrè kejì yẹn ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló ń dẹ́rù bà ẹ́. Nínú àwọn mẹ́fà tí kò gba nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ọ̀kan wà tí kò gba aṣọ fún ọdún méjì tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kò sí òde tí kò wá. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé, òun ló máa ń dúró ti àwọn alásè, ó máa ń fọ abọ́ títí tí apá á fi máa dùn ún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, mi ò rí ẹnikẹ́ni nínú wa tó jókòó sílé. Kò sẹ́ni tó rántí lésì.

Ní ti ohun tí o máa sọ: má sọ ọ́ lórí WhatsApp, má sì dúró dìgbà tí orúkọ bá jáde. Lónìí ni kí o ṣe é. Wá ẹnìkan nínú wọn tó o fura sí pé òun náà ń làágùn. O mọ̀ ọ́n. Ẹni tó máa ń san kẹ́yìn tí ìwọ náà máa ń san kẹ́yìn. Pè é lórí fóònù, má fi ohùn ránṣẹ́, kí o sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: "Mi ò lè gba ₦60,000 yìí. Gèlè ni mo fẹ́ gbà, mo sì máa wá bá wọn ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ìwọ ńkọ́?" Má parọ́ pé ọmọ ń ṣàìsàn. Bó o bá parọ́ lónìí, wàá tún wá òmíràn fún aṣọ kọkànlá. Bí ẹ bá ti di méjì, ẹ lọ bá akápò papọ̀.

Sí ọ̀rọ̀ tí ọkọ ẹ sọ: ẹgbẹ́ ò yí ẹ padà. Obìnrin tó ń fi bàtà kan lo ọdún kan gbáko yẹn ṣì wà nílé ẹ. Òun ni kò jẹ́ kí o gbé lésì mẹ́ta yẹn fún télọ̀. Gbé ọ̀rá náà síwájú ọkọ ẹ lálẹ́ òní, kí o sọ gbogbo ẹ̀ fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún wa.

* * *

Ó tún kọ̀wé lálẹ́: "Mo pe ẹnìkan. Mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́. Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, 'Ṣé ìwọ náà?' A sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní òun mọ ẹnìkẹta."

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Lésì tí wọn ò tíì gé, ó ṣì ṣeé tà. Kò ní pé iye tí o rà á, wàá pàdánù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tó owó ilé-ìwé sáà kan. Bó o bá ń bọ̀ n'Ìbàdàn, gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, má yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, kí ọ̀pá rẹ̀ sì pé márùn-ún. Jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́rú. Ọjọ́ Sátidé, èrò aṣọ ẹbí kì í jẹ́ kí n ráyè.